Ọmọ Tí Bàbá Àgbà Fi Ikọ́ Pè

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá mi àgbà ń wá nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀: kí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Mórẹ́nikẹ́, dárí jì í. Kò wá ìwòsàn, kò wá ẹ̀mí gígùn, kò tilẹ̀ béèrè ẹran nínú ọbẹ̀ mọ́, Bàbá tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ẹran! Ìdáríjì yẹn nìkan ni. A sin ín ní Àyèká, ìlú wa, lóṣù tó kọjá, gbogbo ẹni tó bá sì rí mi lọ́nà ló ń sọ fún mi pé, "Yétúndé, ẹ ṣe oríire o, bàbá yín lọ bí ẹni mímọ́." Màá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni mímọ́ kọ́ ni. Bàbá mi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mi ò fẹ́ kí wọ́n da irọ́ lé e lórí pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀.

Ẹ má bínú bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀. Òun ló bà mí jẹ́. Kò pẹ́ tí ìyá tó bí i lọ́mọ kú ni wọ́n bí mi, ló bá di pé "Ìyá mi" ni Bàbá ń pè mí, níwájú ẹni gbogbo, láìtijú. Ó sì ń fi orúkọ yẹn rẹ́ mi jẹ. "Ìyá mi, ṣé wàá jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ọmọ rẹ pa?" Mo ti dìde lọ bu omi nìyẹn. Ọ̀dọ̀ òun àti Màmá, ìyàwó rẹ̀, ni mo dàgbà sí, torí iṣẹ́ olùkọ́ ń gbé Dádì mi, àkọ́bí wọn, kiri. Lónìí Òde-Ìrèlè, lọ́la Ìyánsàn. Ní báyìí tí mo ti ń ránṣọ ní Òde-Ìrèlè náà, ilé Bàbá ni mo ṣì ń pè ní ilé.

Alàgbà ni Bàbá nínú ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ilé wa, àwọn aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti gbé sùtánà wọ̀. Bí òjò bá rọ̀, tí ọ̀nà di ẹrẹ̀ pupa, Bàbá á ká sùtánà rẹ̀ dé orúnkún, á máa fò láti orí òkúta kan bọ́ sórí èkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á pọ́n, aṣọ rẹ̀ á funfun. Màmá tó ń fọ aṣọ náà ló fi igbe kọ́ ọ. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ọ̀pẹ ló ń kọ. Màmá á fi ẹ̀gẹ́ ṣe pupuru, á rẹ ẹ́, á fún un, á rọ ọ́ roboto, á wá tò ó sórí àjà iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Bí èéfín bá ti wọ̀ wá lójú, tí a bá ń ṣépè fún igi tútù, Bàbá á ti máa rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. "Ẹ fara dà á. Pupuru tí kò bá rí èéfín kì í tọ́jọ́."

Ó mọ ìjà jà, àmọ́ ó tún mọ bí a ṣe ń parí rẹ̀. Nígbà tí Dádì mi fi ìjọ Aládùúrà sílẹ̀, tó lọ ń jọ́sìn ní Òkìtìpupa, níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù, tí wọ́n ń fi kíbọ́ọ̀dù kọrin, gbogbo wa rò pé ilé máa gbóná. Bàbá kò pariwo. Ó ní kí Dádì mú òun lọ kí òun fojú ara òun rí i. Ó jókòó síwájú pátápátá lọ́jọ́ náà, ó tẹ́tí sílẹ̀ títí wọ́n fi túká. Bó ṣe délé, ó yọ fìlà, ó ní, "Akin, bá mi bi wọ́n o. Ọlọ́run wọn yẹn, ṣé kò gbọ́ èdè Ìkálẹ̀ wa ni?" Dádì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di àwàdà wọn láti ọjọ́ náà. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọkùnrin tó lè jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yan ìjọ tó wù ú, kí ló dé tí kò lè jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin yan ọkọ?

Bó bá jẹ́ ìjà ẹlòmíì ni, ẹ pe Bàbá. Ó ní ìlànà tirẹ̀. Bí ẹni méjì bá jà nílé wa, inú àwo kan náà ni wọ́n máa ti jẹun, ọwọ́ á máa kan ọwọ́ nínú ọbẹ̀ marúgbó kan náà, títí ọ̀kan á fi já ẹja fún èkejì. Àwọn ará ìjọ náà mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Tọkọtaya kan jà lọ́jọ́ kan débi pé ìyàwó ti di ẹrù. Bàbá ní kí Màmá gbé pupuru kalẹ̀. Ìyàwó náà ní ebi kò pa òun. Bàbá wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó kọ oúnjẹ, ìjà ló ṣì ń wù ú." Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó sì na ọwọ́ sí àwo.

Àdúrà òwúrọ̀ wá ni ọba gbogbo rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Bàbá á ti mi agogo kékeré ọwọ́ rẹ̀, a ó jáde sí pálọ̀ pẹ̀lú ojú oorun, ẹni tó bá ń tòògbé á kọrin lóòró. Lẹ́yìn orin àti ẹsẹ Bíbélì, Bàbá á kúnlẹ̀, á máa pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú Olúwa. Dádì mi ni àkọ́kọ́, ẹni tó tẹ̀ lé e, títí dé ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn, kó tó wá kan àwa ọmọ-ọmọ. Bó bá burú tán, á fi ewúrẹ́ tó lóyún kún un. Olúkúlùkù ní ohun tí Bàbá ń béèrè fún un, àwa á sì máa ṣe àmín.

Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, orúkọ mẹ́ta ni Bàbá ń pè. Bó bá ti pe ẹnì kejì tán, á wúkọ́, á sì bọ́ sórí ẹ̀kẹrin. Màmá nìkan ló ń dáhùn níbẹ̀. Á ṣe àmín sí ikọ́ náà, kíkankíkan, ju bó ṣe ń ṣe fún àwọn yòókù lọ. Bàbá kò bá a wí rí. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, mo rò pé ara àdúrà ni, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá Bàbá wúkọ́. Màmá fi ìka kàn mí lórí kóó. Nígbà tí a dé ilé ìdáná, ó ní, "Má wúkọ́ mọ́. Ọmọ mi ni ikọ́ yẹn."

Bí mo ṣe gbọ́ orúkọ Àǹtí Mórẹ́nikẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Màmá sọ èyí tó mọ̀ fún mi lábẹ́ èéfín pupuru. Èyí tí kò mọ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá, pẹ̀lú omijé.

Àǹtí ló ń gbé orin nínú ìjọ. Bí Bàbá bá ń lọ ṣe ìsọjí ní ìlú kan, òun ló ń mú dání, bó bá délé, òun ló ń pè kí ó tó pe Màmá. Ọkùnrin kan wá wà tó ń jẹ́ Ebi, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ́ láti apá Àrógbò, tó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹja gbígbẹ wá sọ́jà, tó sì ń ra epo àti pupuru padà. Pupuru Màmá ló fẹ́ràn. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi mọ̀ pé kì í ṣe pupuru nìkan ló ń gbé e wá. Ebi kò hùwà àbòsí. Ó kó àwọn àgbà ilé rẹ̀ wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ bí àwa ṣe ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n tọrọ ọmọ. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e fún Olúwa.

Ohun tó wà nínú Bàbá kò ju pé kò fẹ́ kí ọmọ náà jìnnà sí òun. Ó tún ń bẹ̀rù omi, kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀. Kàkà kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Aríran ló lọ, obìnrin kan nínú ìjọ tí Ẹ̀mí máa ń gbé, tó ń sọ ohun tó bá rí. Bàbá jókòó sí ìyẹ̀wù obìnrin náà, ó tú ọkàn rẹ̀ palẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi fi í sádùúrà. Àyà mi ń já. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé omi máa gbé ọmọ yìí lọ."

Kò pẹ́ sígbà náà, lọ́jọ́ ìsìn, Ẹ̀mí gbé Ìyá Aríran. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó kígbe pé, "Mo rí ọmọ Alàgbà! Orí omi ni mo ti rí i! Omi ń gbé e lọ o!" Gbogbo ìjọ pariwo pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bàbá wólẹ̀, ó dúpẹ́ pé Olúwa dá òun lóhùn. Mi ò sọ pé Ìyá Aríran parọ́ o. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń gbààwẹ̀, ó ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Ohun tí Bàbá gbìn sí i nínú ló hù.

Bàbá ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn Ebi pé Olúwa kò fọwọ́ sí i. Àǹtí wá bá a níbi tó ti ń to ìdì ọ̀pẹ jọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ọlọ́run ló sọ ọ́ ni, àbí ẹ̀yin?" Bàbá ní kó kó ẹnu rẹ̀ jáde nílé òun. Ó kó o jáde, ó sì kó ara rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó lọ fẹ́ Ebi. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Àǹtí bímọ, Màmá ń dọ́gbọ́n lọ rí i ní Òkìtìpupa lọ́jọ́ ọjà, á so pupuru mọ́ inú aṣọ bí olè. Nígbà tí Màmá kú, Àǹtí wá sìnkú, ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá rí i. Ó gbé ojú kúrò. Láti ìgbà náà ni ikọ́ òwúrọ̀ kò ti ní àmín mọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú wa máa ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ṣe é, Dádì mi kò ṣe é, èmi náà kò ṣe é. Nígbà tí Ebi pàápàá kú, orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Síbẹ̀ àwọn kan nínú ìjọ ń sọ ọ́ sétí ara wọn pé, "Ṣé ẹ rí i? Ìran ṣẹ." Ìran wo? Ṣé omi ń ṣàn lórí ibùsùn ni? Bàbá gbọ́ wọn, kò bá wọn wí. A kò lọ kí Àǹtí. Kò sí ẹnì kan nínú ilé wa tó lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló wá là á lójú. Mo wá sílé lọ́jọ́ náà, mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ sùtánà rẹ̀ kan, nígbà tí Bàbá Tóyìn wọlé. Ará ìjọ wa ni, àgbẹ̀ bíi Bàbá. Ó ní òun wá gba ìmọ̀ràn. Ọmọ òun, Tóyìn, fẹ́ fẹ́ ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan láti Ìyánsàn, àmọ́ Olúwa ti fi hàn nínú ìran pé ọmọkùnrin náà máa lù ú ṣe léṣe. Òun fẹ́ kí Alàgbà bá òun kìlọ̀ fún ọmọ náà.

Bàbá fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó bi í bí àgbà ṣe ń bini, "Kí ìran yìí tó dé, ta lo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún?"

Bàbá Tóyìn họ orí. "Ẹ ẹ̀... mo kàn ráhùn díẹ̀ fún aríran. Mo ní ojú ọmọkùnrin yẹn le, ó ń ṣe mí bí ẹni tó máa ń na obìnrin."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ìwọ ọkùnrin yìí! Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ náà ló yí po tó padà wá bá ẹ yẹn!"

Ẹ̀rín náà kò parí. Mo gbé ojú sókè, mo rí i pé ẹnu Bàbá ṣì là, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde mọ́. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá Tóyìn wò mí. "Yétúndé, ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?" Mo ní rárá. Mo fetí sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, mi ò gbọ́ àdúrà. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, Bàbá kò wọ yàrá yẹn rí kí n má gbọ́ àdúrà. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Ìyá mi, ẹnu mi ni. Ọlọ́run kò sọ nǹkan kan. Ẹnu mi ni."

Ó ní kí n mú òun lọ bá Mórẹ́nikẹ́ lápá Àrógbò. Mo yọ sùtánà tó dára jù fún un, ó kọ̀ ọ́. "Kì í ṣe aṣọ Olúwa ló ṣẹ̀ ẹ́, èmi ni." Bùbá àti ṣòkòtò oko ló wọ̀. A wọ mọ́tò dé Igbókòdá, a wá dé etí omi. Bàbá wo ọkọ̀ tó ń mì jẹ̀rẹ̀jẹ̀rẹ̀ yẹn, ó di ọwọ́ mi mú gírígírí. Awakọ̀ náà rí i, ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Omi yìí kì í jẹ egungun." Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá. Ó di ojú títí a fi gúnlẹ̀. Nígbà tó la ojú, tó rí àwọn ilé, tó rí àwọn ọmọdé tó ń ṣeré, ó ní, "Ṣé bó ṣe sún mọ́ nìyí?"

Àǹtí ń yan ẹja lẹ́yìn ilé nígbà tí a wọlé. Kí n tó ṣàlàyé nǹkan kan, Bàbá ti na gbalaja sílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó dojú bolẹ̀ nínú eérú. Bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, Ìkálẹ̀ ponbele ló ń padà sí. "Ọma mi," ló ń wí, "ọma mi, dárí jì mí."

Yéè! Ẹ ò rí igbe tí Àǹtí ké. Ta ló bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún? Èèwọ̀ ni, ó ń fa ègún lé ọmọ lórí. Ó ju ẹja sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀ kí orí tirẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ ju ti Bàbá lọ. "Bàbá, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Kò tó yín, ẹ tún wá fi ègún lé e?" Àwọn aládùúgbò sáré dé, wọ́n bá bàbá àti ọmọ ní ìdọ̀bálẹ̀, wọn kò mọ ẹni tí wọn ó kọ́kọ́ gbé.

Nígbà tí a gbé wọn jókòó, Bàbá sọ gbogbo rẹ̀, ti Ìyá Aríran, ti omi, ti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bẹ Ebi náà, òun mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Àǹtí gbọ́ ọ tán, ó nu ojú. Ó ní, "Bàbá, mo ti dárí jì yín tipẹ́. Kí n tó bí àkọ́bí mi ni mo ti dárí jì yín. Ẹ jẹ́ kí n se nǹkan fún yín, ebi ti pa yín bọ̀."

Bàbá mi orí. "Kò lè rọrùn bẹ́ẹ̀."

"Ó rọrùn, Bàbá. Mo ti ṣe é."

Ó rokà, ó gbé ẹja tútù sínú ọbẹ̀, ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá wò ó. Ó ní ẹnu tí òun fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn kò yẹ kó jẹ oúnjẹ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹun!" Kò jẹ ẹ́. Bàbá wa, tó ti gbé àwo síwájú gbogbo oníjà Àyèká! Mo rí ojú Àǹtí bó ṣe ń gbé oúnjẹ náà wọlé padà.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò jẹ́ kí ara rẹ̀ sinmi. Ó tú àmùrè alàgbà, ó lọ ń jókòó sẹ́yìn níbi tí àwọn àlejò ń jókòó sí. Orúkọ Mórẹ́nikẹ́ ló wá ń kọ́kọ́ pè láàárọ̀, kó tó pe ti Dádì, ẹkún ló sì fi ń pè é. Oníwàásù wa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún ìjọ, ó ní kí gbogbo wa wá wo ìrònúpìwàdà. Àwa náà ń yangàn. À ń sọ pé Bàbá wa yàtọ̀, àgbà wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Àǹtí nìkan ni kò bá wa yangàn. Ó ń wá, ó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí wọ́n lè mọ bàbá àgbà wọn. Bó bá ti wọlé, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Bó bá sọ pé ó ti tán, Bàbá á lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, á fi ẹ̀yìn sí wa. Kò bá a ṣeré mọ́, kò pè é kó wá gbé orin, kò wò ó lójú. Lọ́jọ́ kan Àǹtí ní kí Bàbá sọ àwàdà Ọlọ́run tí kò gbọ́ Ìkálẹ̀ fún àwọn ọmọ òun, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu Dádì. Bàbá ní òun kò lẹ́nu àwàdà níwájú rẹ̀.

Nígbà tí àìsàn wá gbé e dè, Àǹtí kó wá sí Àyèká, èmi náà sì padà wálé. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un ní ògì. Láràárọ̀ ni Bàbá ń bi í pé, "Mórẹ́nikẹ́, ṣé o ti dárí jì mí?" Láràárọ̀ náà ló ń dáhùn pé, "Mo ti dárí jì yín, Bàbá." Bàbá á mí kanlẹ̀, á kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Mi ò sọ fún Bàbá rí pé kó gba ohun tí wọ́n fún un. Mo rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí a sin ín, lẹ́yìn tí oníwàásù ti wí tirẹ̀ pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ni Bàbá fi sùn nínú Olúwa, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ, mo bá Àǹtí níbi tó jókòó sí lórí àpótí nílé ìdáná. Mo ní kó lọ sinmi.

"Yétúndé, nígbà tó ń bínú sí mi, mi ò ní bàbá," ó wí. "Nígbà tó wá bẹ̀ mí, mo ní mo ti padà ní bàbá. Irọ́ ni. Ẹlẹ́ṣẹ̀ kan ni mo ní. Mò ń wẹ ẹlẹ́ṣẹ̀, mò ń fún ẹlẹ́ṣẹ̀ lógì. Ṣé o gbọ́ ohun tí oníwàásù sọ?"

"Mo gbọ́, Àǹtí."

"Òótọ́ ló sọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Èmi ni mo fi í balẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu, ó tún gbé e kúrò. "Àárọ̀ ọjọ́ tó kú, ìwọ ti lọ pọnmi. Ó tún bi mí. Ó ti rẹ̀ mí, Yétúndé. Mo ní, 'Rárá, Bàbá. Mi ò tíì dárí jì yín.' Ojú rẹ̀ kàn tú ká. Ó yí kúrò lára ògiri, ó wò mí, ó wò mí dáadáa, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Mo mọ̀. O ṣé, ọma mi, tí o sọ òótọ́ fún mi.' Ó sì mu gbogbo ògì náà lọ́wọ́ mi. Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́ títí ó fi lọ."

Mo fẹ́ sọ pé ó ṣe dáadáa, pé á yé Ọlọ́run. Ó ti gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ sì rí bíi ti Bàbá nígbà tó bá ń bẹ̀.

"Irọ́ ni mo fi sin bàbá mi," ó ní. "Ta ni màá lọ bẹ̀ báyìí?"